Alùpùpù Àwìn: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Elavagnon ló ń ṣe zémidjan pẹ̀lú alùpùpù tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan bi mí pé: «Olùkọ́, ṣé ọmọ mi lè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó bá wù ú?»

Ìyá, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn. Títí a ó fi san owó ìkẹyìn, ohun olóhun ni. Bí ìwé bá dárúkọ mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ Atakpamé. Bí kò bá dárúkọ ẹnì kan, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo mọ̀ kò béèrè. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Wọ́n gba alùpùpù. Owó oṣù méje sì wọmi.

Ẹ má fi ọ́ìlì àkọ́kọ́ pẹ́: ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń họ irin wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, kìlómítà àti owó sínú ìwé kékeré, kí mẹkáníìkì sì fọwọ́ sí i. Bí ìjà bá dé, ìwé náà ni ẹlẹ́rìí yín.