Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Ìjà Ọkọ

Ọ̀rọ̀ kan ti rìn káàkiri ilẹ̀ Káàárọ̀-oò-jíire débi pé àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀ wò náà ti ń sọ ọ́ bí ẹni sọ òótọ́: pé obìnrin tí ó bá lọ gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà ní Yunifásítì, ìjà ọkọ ni ó lọ kọ́, àti pé òyìnbó ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà wá láti fi tú ilé wa ká.

Kí á lè mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń ṣe gan-an, ẹ jẹ́ kí á mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, wò. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀ ọ́n. Eré náà dùn, ó gún régé, ṣùgbọ́n ìkà tí ń bẹ́ ẹrú lórí ni ó fi hàn wá, a sì gbà bẹ́ẹ̀ láìbèèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ìtàn Ẹfúnṣetán sínú ìwé tí ó ṣe olótùú rẹ̀ ní 1992, níbi tí a ti rí oníṣòwò ńlá, olóko rẹpẹtẹ, tí ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun, títí tí òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fi di ọ̀tá ara wọn. Ẹ̀sùn wo ni Ààrẹ fi kàn án ní 1874? Pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò wá pàdé òun nígbà tí òun dé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ó kan ẹrú?

Ní ti pé òyìnbó ni ó rán àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ yìí níṣẹ́, ẹ̀rín ni ó ń pa mí. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1997, àwọn onímọ̀ òyìnbó gan-an ni ó dojú ọ̀rọ̀ kọ, tí ó ní òṣùwọ̀n tiwọn kò bá Ọ̀yọ́ àtijọ́ mu, nítorí pé àgbà ni a fi ń pín ipò níbẹ̀, kì í ṣe akọ tàbí abo, débi pé ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé a máa pe ọmọdébìnrin tí ó bá nílé ní ọkọ. N kò bá a dé òpin ọ̀rọ̀ náà o, nítorí ọjọ́ tí Orò bá ń ké, kò sí ẹni tí í bi obìnrin léèrè ọjọ́ orí kí a tó sé e mọ́lé.

Wọ́n tún ní kò sí iṣẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà. Ẹ̀kọ́ wo ni iṣẹ́ pọ̀ nídìí rẹ̀ lónìí?

Ṣùgbọ́n ti ìjà ni mo fẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, láyé amúnisìn, ọmọbìnrin ọdún 15 ń san owó orí, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di 16, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti kọ owó orí yìí, títí tí Aláké, ọba wọn, fi gbé ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn pàápàá kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà náà. Ta ni ó kọ́ wọn ní ìjà?