KÒ BORÍ ERÉ KAN ṢOṢO, SÍBẸ̀ ÒUN LÓ GBÉFE! Ohun tójú àwọn awakọ̀ pikọ́ọ̀pù rí l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2019

Tí wọ́n bá ní kéèyàn dárúkọ ọ̀gá nínú àwọn tó ń sáré ìje lọ́dún kan, ẹni tó borí lẹ́ẹ̀marùn-ún ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Bí wọ́n bá ní kó tún dárúkọ ẹlòmíràn, ẹni tó borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò mú. Kò sẹ́ni tó máa na ìka sí ẹni tí kò borí rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, ní pápá Homestead lẹ́bàá ìlú Miami. Ìdíje ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tí àjọ NASCAR ń ṣe l'Amẹ́ríkà parí lọ́jọ́ náà, ẹni tí wọ́n sì gbé ife ọdún fún, kò borí eré kan ṣoṣo látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Matt Crafton lorúkọ ẹ̀, ẹni ọdún 43 ni nígbà yẹn.

Irú ìwà wo nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹnikẹ́ni dájọ́, ó yẹ kó mọ bí kinní ọ̀hún ṣe rí.

Ọdún 1995 ni NASCAR bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn ọkọ̀ yìí. Pikọ́ọ̀pù ni wọ́n jọ lójú o, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọ́n ṣeé fi kó iṣu lọ sọ́jà. Torí eré nìkan ni wọ́n ṣe kàn wọ́n, láti orí ẹ́ńjìnnì títí dé táyà. Pápá tí wọ́n ti ń sá a yí po ni, wọn á máa yí i léraléra, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà nígbẹ̀yìn ló borí. Lọ́dún 2019, eré mẹ́tàlélógún ni wọ́n sá. Mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣa awakọ̀ mẹ́jọ jáde. Ẹni tó bá ti borí eré kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé nìyẹn, ẹni tí kò bá borí, máàkì tó kó jọ ló máa gbé e wọlé. Àwọn mẹ́jọ yìí tún sáré mẹ́ta, wọ́n já méjì dànù. Wọ́n sá mẹ́ta míì, méjì tún bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mẹ́rin tó kù ló lọ sí Homestead láti lọ ya ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ẹni tó bá ṣíwájú àwọn mẹ́ta yòókù ló ni ife, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló borí eré náà.

Bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ohun tójú àwọn èèyàn rí lábẹ́ òfin ọ̀hún ló wá pọ̀.

Ẹ mú Kyle Busch bí àpẹẹrẹ. Ìpele òkè pátápátá ni Busch ti ń jẹun, ó kàn máa ń yà wá sọ́dọ̀ àwọn onípikọ́ọ̀pù ni. NASCAR ní irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ sá ju márùn-ún lọ lọ́dún náà. Ọkùnrin yìí wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì borí nínú márààrún: Atlanta, Las Vegas, Martinsville, Texas àti Charlotte. Kò sẹ́ni tó borí tó o lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n kò gba máàkì kan báyìí, nítorí ìpele òkè ló ti ń gba tiẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ tún ni ọlọ́kọ̀, àwọn ọmọdé ló gbà sí ilé iṣẹ́ ẹ̀. Ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé inú òun ò dùn sí wọn, pé irú ọkọ̀ tóun fi ń borí náà ni wọ́n ń wà, kí ló dé tí wọn ò borí? Ọ̀rọ̀ náà dun Todd Gilliland, ọmọ ọdún 19, wọra. Nígbà tóun náà borí ní Martinsville lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹwàá, inú ọkọ̀ níbẹ̀ ló ti fi rédíò ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ó tọrọ àforíjì nígbà tára ẹ̀ balẹ̀. Lọ́dún 2020, ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń wà.

Ti Brett Moffitt ló tún ṣeni láàánú jù. Òun ló gba ife ọdún 2018, ọkọ̀ nọ́ńbà 16 ti Shigeaki Hattori, ará Japan, ló sì fi gbà á. Ẹni tó gbé ife wálé, ṣebí gẹ̀gẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa gbé e? Kí ọdún 2019 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀! Kò jalè, kò bú ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ owó ni. Nínú iṣẹ́ yìí, owó onígbọ̀wọ́ ló ń ra táyà, òun ló ń ra ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń san owó oṣù àwọn mẹkáníìkì. Awakọ̀ tí kò bá ní onígbọ̀wọ́ lẹ́yìn, bó mọ ọkọ̀ wà bí àǹjọ̀nú, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ nọ́ńbà 16 fún Austin Hill. Eré àkọ́kọ́ lọ́dún náà, ní Daytona lọ́jọ́ 15, oṣù Kejì, Hill ló borí ẹ̀, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ forí gbárí débi pé mẹ́sàn-án péré ló ṣì ń rìn nígbà tí eré parí. Moffitt náà rí ọkọ̀ míì wà ní ilé iṣẹ́ GMS, kò sì jókòó sunkún. Kí ọdún tó parí, àwọn méjèèjì borí lẹ́ẹ̀mẹrin mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ gbọ́ ti Ross Chastain. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ará Alva ní Florida, láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń gbin wọ́tàmẹ́lọ̀n nídìílé wọn. Bó bá borí, á gba wọ́tàmẹ́lọ̀n kan, á gbé e sókè, á là á mọ́lẹ̀ gbàmù! Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìpele kejì ló fi orúkọ sí láti gba máàkì, torí náà nígbà tó borí eré pikọ́ọ̀pù ní Kansas nínú oṣù Karùn-ún, kò kà fún un. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó yí orúkọ padà sọ́dọ̀ àwọn onípikọ́ọ̀pù. Ìyẹn ni pé òfo ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti sá eré mẹ́jọ. Ó gbọ́dọ̀ borí, ó sì tún gbọ́dọ̀ wọ àárín ogún àkọ́kọ́ kí eré kẹrìndínlógún tó parí.

Lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹfà, ní Iowa, ó borí. Ó la wọ́tàmẹ́lọ̀n mọ́lẹ̀, ó yọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní iwájú ọkọ̀ ẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bí òfin ṣe wí lọ. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, owó ìtanràn ni wọ́n máa ń gbà nírú ẹ̀, wọ́n á sì yọ máàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó borí á ṣì jẹ́ ẹni tó borí. Ọdún 2019 yẹn gan-an ni NASCAR ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin pé àwọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá ní àbùkù, ọjọ́ náà ni wọ́n máa gba eré lọ́wọ́ ẹ̀. Orí Chastain ni òfin náà ti kọ́kọ́ balẹ̀. Wọ́n gbé eré náà fún Moffitt, pẹ̀lú 50,000 dọ́là tó so mọ́ ọn. Ọlọ́kọ̀ Chastain pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ẹlòmíràn ì bá lọ sùn. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní pápá Gateway, ọmọ àgbẹ̀ tún borí, wọ́n yẹ ọkọ̀ ẹ̀ wò, kò ní àbùkù. Ó tún borí ní Pocono nínú oṣù Keje. Bó ṣe wọlé nìyẹn.

Iowa yẹn kan náà ni Johnny Sauter ti ta epo sáṣọ àlà ara ẹ̀. Òun àti Austin Hill ń kọlu ara wọn. Nígbà tí wọ́n ta àsíá yẹ́lò, tó yẹ kí gbogbo ọkọ̀ máa rìn jẹ́jẹ́, Sauter lé Hill bá, ó sì fi ọkọ̀ gbá a pẹ̀lú ìbínú. NASCAR ní kó lọ rọ́kún nílé fún eré kan. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ní Talladega, òun ló kọ́kọ́ kọjá ìlà. Wọ́n tún ní rárá, pé ó ti ti ẹlòmíràn kúrò lójú ọ̀nà, sí ìsàlẹ̀ ìlà yẹ́lò tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọjá. Spencer Boyd, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ò lówó lọ́wọ́, tí kò sì borí rí láyé ẹ̀, ni wọ́n pè wá gba ife eré náà.

Grant Enfinger ńkọ́? Òun ló kó máàkì jọ jù nínú eré mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́. Ó dé Las Vegas nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú, ọdún ẹ̀ sì kú mọ́ ọn. Sauter náà já níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó tún kan Austin Hill àti Tyler Ankrum, ọmọ ọdún 18 tó borí ní Kentucky. Phoenix làwọn méjèèjì já sí.

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn yìí ń jà, tí wọ́n ń pẹjọ́, tí ẹ́ńjìnnì ń kú, Matt Crafton ń wa nọ́ńbà 88 ẹ̀ lọ. Ará Tulare ní California ni, ilé iṣẹ́ ThorSport tó wà ní Sandusky, ní Ohio, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún 2000 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pikọ́ọ̀pù, kò sì borí eré kan títí di ọdún 2008! Ẹlòmíràn ì bá ti lọ wá iṣẹ́ míì ṣe. Òun dúró. Lọ́dún 2013 ó gba ife, eré kan péré ló borí. Lọ́dún 2014 ó tún gbà á, eré méjì ló borí. Wàyí o, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: lọ́dún 2015, eré mẹ́fà gbáko ló borí, kò tíì borí tó bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ ipò kẹta ló gbà. Erik Jones, tó borí mẹ́ta, ni wọ́n gbé ife fún. Ọdún tó borí jù, kò rí ife. Ọdún tí kò borí rárá, ife wálé.

Ní Homestead, òun, Chastain, Moffitt àti Stewart Friesen, ará Kánádà tó borí lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Eldora, ni wọ́n jọ ń du ife. Nínú àwọn mẹ́rin, òun nìkan ni kò borí lọ́dún náà. Austin Hill, tí wọ́n ti já dànù ní Phoenix, ló borí eré ọ̀hún. Ẹni tó ṣe ipò kejì ni Crafton, Chastain àti Moffitt wà lẹ́yìn ẹ̀, Friesen tún jìnnà sí wọn. Ó parí nìyẹn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa gba ife pikọ́ọ̀pù láì borí eré kan.

Ẹni tó bá ní ìyẹn ò dáa kì í ṣe òpùrọ́. Hill borí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó borí eré àkọ́kọ́, ó borí eré ìkẹyìn, ọwọ́ òfo ló gbé lọ sílé. Ó dun èèyàn. Ṣùgbọ́n òfin ni kí onítọ̀hún bínú sí, kó má bínú sí Crafton. Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin náà kó tó fi orúkọ sílẹ̀. Ọdún tí iṣẹ́ rẹpẹtẹ ò mú ife wá, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé Crafton kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló wá dé tó máa kọ ife, nígbà tó dé wẹ́rẹ́?

Ohun tí ọdún náà fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ tó já, kì í ṣe pé ẹlòmíràn yára jù wọ́n lọ. Ìbínú ló mú Sauter, ẹ́ńjìnnì ló dá Enfinger dúró, ìwọ̀nba ìka díẹ̀ ni iwájú ọkọ̀ Chastain fi lọ sílẹ̀. Àìlówó ló lé ẹni tó gba ife ọdún tó kọjá kúrò nídìí ọkọ̀ ẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹni tó bá sì ń fi ìgbín ṣẹlẹ́yà, kó kọ́kọ́ wo iye ẹran tó já bọ́ lórí igi náà.

Lọ́jọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 2020, ní Kansas, Crafton borí eré. Ó ti tó ọdún mẹ́ta gbáko tó ti borí kẹ́yìn. Ife mẹ́ta ti wà nílé ẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà.