Kí ìkànnì tó ṣí, ẹ kọ́kọ́ di ẹrù lé e

Ìforúkọsílẹ̀ kóòsì tún ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó yẹ kí á jọ sọ kó tó dé. Tí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ bá dákú lọ́jọ́ tí gbèdéke bá pé, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń bá wí: "Kí ló dé tí ẹ dúró di ọjọ́ ìkẹyìn?" Lẹ́yìn ìbáwí, owó ìtanràn ló kàn. Lójú tiwa, ẹni tó ṣí ìkànnì láì dán an wò ló lẹ̀bi.

Sọ́fítíwíà tó ń ṣe dáadáa fún ènìyàn mẹ́wàá lè kọ iṣẹ́ nígbà tí 10,000 bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi máa ń kọ ètò tó ń ṣe bí ẹni pé ògìdìgbó ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń yan kóòsì, wọ́n ń sanwó. Wọ́n á máa fi kún iye wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wo bí ìdáhùn ṣe ń pẹ́ sí àti ibi tí nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Load testing ni wọ́n ń pè é; àwa lè pè é ní ìdánwò ẹrù. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni JMeter, ọ̀fẹ́ náà ni Locust. Eṣú ni ìtumọ̀ Locust. Ẹni tó bá mọ bí eṣú ṣe ń ya bo oko á mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu.

Ẹ wo ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba ibẹ̀ ṣí HealthCare.gov kí àwọn ará ìlú lè máa ra adójútòfò ìlera níbẹ̀. Wọ́n ń retí bíi 50,000 sí 60,000 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà; iye tó ya dé lé ní 250,000. Ènìyàn mẹ́fà péré ló rí i ṣe parí lọ́jọ́ náà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe sọ fún àwọn aṣòfin lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìṣíde ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán gbogbo rẹ̀ wò pọ̀. Ìjọba tún ìkànnì ṣe, wọ́n sì sún gbèdéke ọjọ́ 15 oṣù kejìlá sí ọjọ́ 23.

Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tilẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Amẹ́ríkà ń fojú bu iye tó ń bọ̀ ni. Orúkọ gbogbo wa ti wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn fúnra wọn ló sì mú ọjọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àwọn kan á ní owó server pọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdánwò ẹrù ló máa sọ iye tí èyí tó wà nílẹ̀ lè gbé. Tó bá jẹ́ 2,000 ni, kí wọ́n pín wa: ìpele kìíní lọ́jọ́ Ajé, ìpele kejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn mìíràn á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Ṣé wọ́n mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró kí owó oṣù òbí rẹ̀ wọlé kó tó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́?

Ohun méjì ni kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbé lọ bá àwọn aláṣẹ. Kí wọ́n fi iye gbogbo wa dán ìkànnì wò, ó kéré tán ní oṣù kan kó tó ṣí. Ìkejì, ọjọ́ mélòó tí ìkànnì bá fi dákú, kí wọ́n fi iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kún gbèdéke, láìgba kọ́bọ̀ ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.