Àjọjẹ Kì í Dùn Bí Ẹnìkan Kò Bá Ní: Lẹ́tà sí Àwọn Aláṣẹ Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́, ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti akápò tí ẹ ń pe ọmọ ẹgbẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn ìlú ní àwọn abúlé wa, ẹ̀yin ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí. N kò wá fi ẹ̀sùn owó tó sọnù kan ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá bá àgbà kankan wíjọ́. Ètò ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìpàdé ọdọọdún tí à ń ṣe ní gbọ̀ngàn ìlú, ìbáà jẹ́ nígbà Kérésì, nígbà Àjíǹde tàbí lẹ́yìn Iléyá, ti di òde àríyá tí ìpàdé inú rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́ kí onílù tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu alága. Àríyá fúnra rẹ̀ kò bí mi nínú. Ta ni kò fẹ́ fàájì? Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti fi owó ìnáwó ṣe ilẹ̀kùn ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ra aṣọ kò lè jókòó, ẹni tí kò jókòó kò lè dá sí ọ̀rọ̀, ẹni tí kò sì lè dá sí ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ti lé e láìkọ ìwé sí i. Àwọn tí à ń lé báyìí jù lọ ni àwọn tó ń gbé abúlé náà gan-an.

Ẹ wo gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ní ilẹ̀ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, àwọn ará ìlú ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn obìnrin ru omi àti iyanrìn láti odò, owó kòkó àti owó èkùrọ́ ló ra páànù orí rẹ̀. Lónìí, bí ọjọ́ ìpàdé ọdún bá pé, wọn a fi aṣọ funfun bo àga rọ́bà, wọn a tẹ́ tábìlì àwọn ẹni ńlá síwájú. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ a di ìwé orúkọ mú, wọn a sì máa wo aṣọ kí wọ́n tó wo ojú. Ẹni tí aǹkóò rẹ̀ bá jẹ́ tọdún yìí yóò wọlé, yóò gba abọ́ oúnjẹ, yóò sì gba ike tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí. Ẹni tó bá wọ tọdún tó kọjá yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ní ojú fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, àwọn ìyá tó ru iyanrìn ìpìlẹ̀ ilé yẹn ni wọ́n dúró tí wọ́n ń wòran, ọmọ-ọmọ wọn sì ń na ọrùn níwájú wọn.

Ẹgbẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ báyìí láàárín wa. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé èsúsú: àwọn ènìyàn a dá iye kan náà jọ ní àkókò tí wọ́n fẹnu kò sí, àpapọ̀ rẹ̀ a sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn títí yóò fi kárí. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ odidi àròkọ jáde lórí èsúsú yìí kan náà gẹ́gẹ́ bí ètò owó yíyá àwọn Yorùbá. Ètò náà lágbára débi pé ó bá àwọn ènìyàn wa kọjá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ṣì ń pè é títí di òní. Ẹgbẹ́ àáró ń ṣe bákan náà lóko: òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ. Ìpàdé ẹgbẹ́ a máa yí láti ilé dé ilé, onílé a sì gbé ohun tí agbára rẹ̀ ká kalẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí ìwé kíkà dé, ẹgbẹ́ náà ló gbé e. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ní Iléṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà, Offa Descendants' Union, ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Àwọn wọ̀nyẹn náà ń jẹ, wọ́n ń jó. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kò ṣeé fi àjẹkù àríyá kọ́. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ronú kan ìlù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kí ẹ sì fi iye tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ yín rọ́pò tèmi. Ká ní aṣọ jẹ́ ₦30,000, fìlà tàbí gèlè ₦8,000, owó aránṣọ ₦12,000, owó oúnjẹ àti ìlù ₦20,000. Ó di ₦70,000, iye kan náà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 pé kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ máa gbà lóṣù. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ 80, a ti ná ₦5,600,000 lójúmọ́ kan. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní Èkó, ìnira ni. Fún àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Owó kòkó kì í wọlé lóṣooṣù. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni kòkó ń so dáadáa, nígbà tí ìkéde aṣọ ẹgbẹ́ sì sábà máa ń jáde ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje kí aránṣọ lè tètè ráyè, ìyẹn àsìkò tí iṣu tuntun kò tíì jáde dáadáa, tí àgbẹ̀ ṣì ń fi owó gba alágbàṣe. Kí ni yóò ṣe? Yóò yáwó, tàbí kí ìyàwó rẹ̀ fi èsúsú rẹ̀ ra lééṣì. Èsúsú tó yẹ kó di ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá yóò di aṣọ tí wọn kò ní gbà wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Ètò tí àwọn baba wa fi ń gbé ara wọn dìde ni à ń lò báyìí láti fi san gbèsè àríyá, àárín ẹgbẹ́ kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí owó tí à ń ná sí ara wa lórí ijó. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ná náírà káàkiri lóde tàbí tó bá jó lé e lórí lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó jìyà méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó ń gbàdúrà fún ìjọba kí ó tó jẹun kò yẹ kó máa rú òfin ìjọba nídìí oúnjẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Wọn yóò ní àṣà wa ni aṣọ ẹgbẹ́, pé ẹni tó bá bu ẹnu àtẹ́ lù ú ń ba àṣà jẹ́. Ẹ jẹ́ ká bi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹgbẹ́jọdá: ẹgbẹ́ jọ dá a. Ṣé ẹgbẹ́ ló jọ dá aṣọ tí ẹni mẹ́ta yàn ní Èkó, tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sórí Wasáàpù, tí àwọn tó wà nílé sì kọ́kọ́ gbọ́ iye rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó wá gba owó? Mo gbà pé ó dára kí ojú mọ̀ wá níbi tí a bá wà. Àwọn Ìjẹ̀bú ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní régbérégbé a jáde ní Ojúde Ọba, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, ẹṣin a fò, ìlú a yọ̀. Ọjọ́ ìfarahàn ni. Kò sẹ́ni tó ń retí kí akápò ka ìṣirò owó lórí ẹṣin. Ohun tí a ṣe ní tiwa ni pé a gbé ọjọ́ ìfarahàn lé orí ọjọ́ ìpàdé, ìfarahàn sì gbé ìpàdé mì.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó ní bí kò bá sí àríyá, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abuja kò ní wálé, àti pé owó wọn ni ìlú fi ń dúró. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, n kò ní sẹ́ ẹ. Abúlé tí ọmọ rẹ̀ kò bá wá mọ́, ilé rẹ̀ yóò wó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé akápò yín. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìlérí sí lọ́dún tó kọjá, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ owó tó wọlé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta tì í: iye tí àríyá ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ. Ohun tí alága ìdúró kígbe nínú gbohùngbohùn kì í ṣe owó. Ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ akápò ló tó di owó. Bí iye tí àríyá jẹ bá ju iye tó wọlé lọ, a jẹ́ pé abúlé ló ń náwó fún Èkó láti wá ṣe fàájì. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ti tó ẹrù fún ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò wálé mọ́, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ilé. Wọn kò ní owó aṣọ ni, ojú sì ń tì wọ́n láti wá láìwọ̀ ọ́. Àríyá tí à ń sọ pé ó ń fà wọ́n wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn.

Àwọn mìíràn ní àríyá ń mú ọjà wá fún ará abúlé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n aṣọ ti ọjà Balógun ní Èkó wá, ẹgbẹ́ onílù ti ìlú ńlá wá, àga àti kúlà ti ọ̀dọ̀ ayánilóhun wá, àwọn alásè pẹ̀lú ìkòkò wọn bá bọ́ọ̀sì dé. Igi ìdáná, ẹmu àti iṣu díẹ̀ ni tilé. Ẹ yí i padà: kí iṣu, ata, ẹran àti ọwọ́ tí yóò sè é jẹ́ tinú abúlé, nígbà náà n kò ní í lè bá yín jiyàn lórí èyí mọ́.

Àtakò kan wà tí wọn kì í sọ síta, inú yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́: pé bí a bá ń ka ìṣirò owó sétí gbogbo ènìyàn, ìjà yóò bẹ́. Bóyá yóò bẹ́. Ṣùgbọ́n ìjà tí a bá jà nínú ìpàdé ní alága, ó ní akọ̀wé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Èyí tí wọ́n ń jà lójú ọ̀nà oko, nídìí ayò àti ní Wasáàpù kò ní alága, kò sì ń parí. Ẹ̀yin akápò tí ọwọ́ yín mọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ yìí ń ṣe níbi jù, nítorí kò sí ibi tí ẹ ti lè fi ọwọ́ mímọ́ náà han aráyé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí akápò ka owó ní èdè Yorùbá, sókè, pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbé abúlé jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń dá iye owó, kí ohun tí wọn kò bá lè san má di òfin fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ẹgbẹ́ kan yẹ kó pé ọdún márùn-ún kí a tó yí i padà, ẹni tí kò bá sì ní i kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo owó tí ẹgbẹ́ bá dá, ẹ kọ́kọ́ yọ ti aláìsàn àti ti ọmọ iléèwé, kí ìlù jẹ nínú èyí tó bá kù.

Kí ọjọ́ ìpàdé yín tó tún pé, ẹ mú ìwé orúkọ jáde. Ẹ sàmì sí ẹni tó ti ń wá rí tí kò wá mọ́, kí ẹ sì rán ẹnìkan lọ bá a nílé, kó bi í pé kí ló dé. Ẹ ka èsì rẹ̀ sétí ìpàdé kí ẹ tó yan aṣọ.