Ẹni Tí Inú Ń Dà Láàmú Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìlera ni oògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan wà tí a lè sọ ní gbangba, àwọn mìíràn sì wà tí a máa ń fi pamọ́. Bí ibà bá mú wa, a ó kéde rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ wa, a ó wí fún ọ̀rẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀ràn inú àti ìgbọ̀nsẹ̀, ojú a máa tì wá, a ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, a ó sì tu itọ́ funfun jáde. Ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: inú rírun tí àníyàn ń ru sókè jẹ́ àìsàn gidi, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àwáwí. Àwa tí a ó di olùkọ́ ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tún ìwà wa ṣe sí àwọn tí ó ń ṣe.

Àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí ní irritable bowel syndrome, wọ́n sì gé e kúrú sí IBS. Bí a bá fẹ́ fi èdè wa sọ ọ́, a lè pè é ní ìfun tí ń kanra. Bí dókítà bá yẹ inú ẹni tí ó ń ṣe wò, kì í rí egbò, kì í sì í rí kókó níbẹ̀. Síbẹ̀ ìrora náà kì í ṣe irọ́. Inú a máa lọ́, a máa kùn, a máa wú. Àwọn kan a máa yàgbẹ́ gbuuru, àwọn mìíràn a sì wà fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìrí ìgbẹ́ yà. Àwọn ẹlòmíràn a rí méjèèjì, lónìí èyí, lọ́la ọ̀hún. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn ọ̀mọ̀wé oníṣègùn fi lélẹ̀ ní 2016, èyí tí wọ́n ń pè ní Rome IV, inú gbọ́dọ̀ ti máa run ẹni náà ní ó kéré tán ọjọ́ 1 lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, ìrora náà sì gbọ́dọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ó kéré tán méjì nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí: ìgbẹ́ yíyà, ìyípadà iye ìgbà tí a ń yà á, àti ìyípadà bí ó ti ń rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìsàn àwọn ènìyàn díẹ̀ ni. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní 2021, èyí tí a ṣe láàrin àwọn ènìyàn tí ó lé ní 70,000 ní orílẹ̀-èdè 33, bí ẹni 4 nínú 100 àwọn tí ó fi kọ̀ǹpútà dáhùn ni àìsàn yìí ń ṣe. Ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí a bá kó 100 akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí gbọ̀ngàn ìjẹun wa, kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà níbẹ̀ tí ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé, báwo ni ìrònú ọkàn ṣe lè dé ìfun? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Nínú ògiri ìfun àti àpòlúkù wa, àwọn ẹ̀yà tíntìntín kan wà tí ń gbé ìròyìn kiri, irú èyí tí ó wà nínú ọpọlọ, iye wọn sì lé ní 100 mílíọ̀nù. Ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí ìfun, ìfun náà sì ń ránṣẹ́ padà sí ọpọlọ, ní ọ̀sán àti ní òru. Lára ẹni tí ìfun rẹ̀ ń kanra, ìjíṣẹ́ yìí ti le jù. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà nínú òun, ìrora ni yóò jẹ́ fún un. Bí ìpayà bá sì dé, ọpọlọ yóò pàṣẹ, ìfun yóò sì sáré tàbí kí ó dúró gbagidi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1822, ìbọn ṣèèṣì ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alexis St. Martin ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ihò tí ìbọn náà dá sí i lára kò dí mọ́. William Beaumont, dókítà ọmọ ogun tí ó tọ́jú rẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí oúnjẹ ti ń dà nínú rẹ̀ láti ojú ihò náà, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1833. Ó kíyè sí i pé bí inú bá bí ọkùnrin náà, iṣẹ́ àpòlúkù rẹ̀ a dàrú. Ní òpin ọ̀rúndún náà, Walter Cannon ti Harvard fi ìtànṣán X-ray wo inú ológbò, ó sì rí i pé bí ẹ̀rù bá ba ẹran náà tàbí tí inú bá bí i, àpòlúkù rẹ̀ a dẹ́kun mímì. Ṣé a lè sọ pé ológbò ń wá àwáwí?

Ṣùgbọ́n kí ni a ń lọ sí Amẹ́ríkà fún? Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ayọ̀ bá dé, a ní inú wa dùn. Bí ìbànújẹ́ dé, inú wa bàjẹ́. Bí a bá fi ìwọ̀sí lọ̀ wá, inú bí wa. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ń sọ èdè Haúsá ń pe ayọ̀ ní farin ciki, èyí ni inú funfun. Wọ́n sì ń pe ìbànújẹ́ ní baƙin ciki, èyí ni inú dúdú. Àwọn ará Gánà tí ń sọ Twi ń pe inú rere ní ayamye, inú náà ni wọ́n ń sọ. Gbogbo wa, láti ìlú kan dé èkejì, ni èdè wa ti kọ́ pé inú àti ọkàn ń gbé ilé kan náà. Ohun ìyanu ni pé bí inú ẹnìkejì wa bá wá ń run nítorí ìdààmú ọkàn, a ó ní irọ́ ni ó ń pa.

Ẹ wo bí a ti ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́. Láti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Sàró ni a ti wá, ilé jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Owó tí àwọn òbí wa fi òógùn ojú kó jọ ni a ń ná, a sì mọ̀ pé bí a bá kùnà ìdánwò, kì í ṣe àwa nìkan ni ojú yóò tì. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀sẹ̀ ìkọ́ni yóò dé, tí olùbẹ̀wò yóò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti gègé. Àyà tí kò bá já ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àyà òkúta ni.

Ọdún kẹrin nìyí tí èmi fúnra mi ti ń bá àìsàn yìí gbé. Mo mọ bí ó ti rí láti jí ní aago mẹ́rin òru ní ọjọ́ ìkọ́ni, kí n má lè jẹun, kí n sì ka iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láàrin kíláàsì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹni tí ó gbà mí wò rẹ́rìn-ín, ó ní ìbẹ̀rù ìwé ni ó ń ṣe mí. Àwọn ará ilé mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní ṣúgà ni mo jẹ jù, wọ́n sì fún mi ní àgbo. Ọ̀pọ̀ irú àgbo bẹ́ẹ̀ ni a ń fi ewé àsúnwọ̀n sí, ewé tí ń mú ni yàgbẹ́. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ń sáré tẹ́lẹ̀, tí a tún fún ní ohun tí yóò lé e síwájú, ẹ ro bí yóò ti rí.

Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ náà. Orí a máa gbóná wọn, ojú a máa ṣú wọn, ohun tí wọ́n ń kà kò sì wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Brain fag ni a ń pè é, èyí ni àárẹ̀ ọpọlọ. Títí di òní, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní orí òun gbóná nítorí ìwé kíkà, a ó ní kí ó lọ sinmi. Èéṣe tí ẹni tí ó ní inú òun ń lọ́ nítorí ìwé kan náà kò fi rí àánú wa gbà?

Èmi kò sọ pé gbogbo inú rírun ni ti àníyàn. Ní ilẹ̀ wa níbí, aràn wà, amoeba wà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì wà. Kódà, bí ẹni 1 nínú 10 àwọn tí kòkòrò àrùn ti ba inú wọn jẹ́ ni ìfun wọn ń kanra lẹ́yìn tí kòkòrò náà ti lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí inú ń dà láàmú kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ó bá ń rù láìnídìí, bí ibà bá ń bá a rìn, tàbí bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń jí i lójú oorun, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì sọ pé ìfun tí ń kanra ni, kí ó fi ọkàn balẹ̀. Àìsàn yìí kì í pa ni, kì í sì í di jẹjẹrẹ.

Bí a ti ń bá a gbé nìyí. Kí a máa jẹun ní àkókò kan náà, kí a má ṣe febi pa inú títí di alẹ́ kí a tó wá yó kẹ́ri. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, mílíìkì àti búrẹ́dì a máa dá afẹ́fẹ́ sínú àwọn kan. Kí olúkúlùkù kíyè sí èyí tí kò bá a lára mu. Bí a bá rẹ ẹ̀wà sínú omi di ọjọ́ kejì tí a da omi náà nù, yóò rọrùn fún inú díẹ̀. Kí a sùn tó, kí a máa rìn, kí a sì ní ẹnìkan tí a lè sọ ẹ̀dùn ọkàn wa fún. Àwọn oògùn wà tí dókítà lè fún ni, àwọn onímọ̀ sì wà tí ń fi ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ ni bí a ti ń tu ọkàn lára. A ti rí i pé ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Nísinsìnyí ni mo kan ohun tí ó jẹ wá lógún jù. Àwọn olùkọ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì. Bí ọmọ bá nàwọ́, wọn a ní, “Kí ni o ń jẹ? Jókòó!” gbogbo kíláàsì a sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí a bá gba ọ̀kan láyè, gbogbo ọmọ ni yóò máa jáde lọ ṣeré. Mo gbà pé àwọn ọmọ kan yóò tan ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí ìwọ̀n. Ọmọ tí ó bá tan olùkọ́ jẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò pàdánù. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó jáde, tí ó sì ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ lójú ẹgbẹ́, ó lè má padà wá sí ilé ìwé mọ́.

Èyí nìkan kọ́. Mo ní olùkọ́ kan tí ó sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ jáde kí ó dìde jẹ́ẹ́ kí ó máa lọ. Ní kíláàsì rẹ̀, inú kì í sábà run mí. Ní kíláàsì ẹlòmíràn tí ń bi ni ní “Níbo?” lójú gbogbo ènìyàn, inú mi a ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ kí agogo tó lù. Oúnjẹ kan náà ni mo jẹ lọ sí kíláàsì méjèèjì. Mímọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ jẹ́ ìdajì oògùn.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ wa kí wọ́n gba ẹni tí ó ní ìwé dókítà láyè láti jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn nígbà ìdánwò, kí a sì fi iye ìṣẹ́jú tí ó bá lò níta kún àkókò rẹ̀. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní omi, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì. Mo sì bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pé bí ẹ bá dé ìlú yín tí a fi ọmọ ogójì sí abẹ́ yín, kí ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tí inú ń run lè jáde láìbèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá ń ṣẹ́ igi nínú igbó, kí ó fi ọ̀ràn ro ara rẹ̀ wò.