Ihò Kékeré Tí Ń Dá Iṣẹ́ Gàrí Dúró

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wà kò ní sùúrù. Láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3 ni inú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ bá dákú ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ẹlẹ́rọ nìkan ni ó pàdánù. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ àti àwọn ìyá tí ń yan gàrí pàdánù pẹ̀lú.

Èrò mi ni pé, kí a tó dá kabúrétọ̀ lẹ́bi, kí a sì ná owó sórí titun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ gáskẹ́ẹ̀tì wò, èyí tí a fi dí ojú ibi tí kabúrétọ̀ ti pàdé ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì a máa mí bí ènìyàn. Kabúrétọ̀ ni ó ń wọn epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ fún un: bí a bá fi ìwúwo wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ bí i 15 sí epo 1. Bí gáskẹ́ẹ̀tì bá ya, tàbí tí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a kò wọ̀n yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ohùn ẹ̀rọ ń lọ sókè sódò, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ àfi bí a bá fa ṣóòkì, ẹnu pulọ́ọ̀gì sì funfun bí ẹfun. Ooru àpọ̀jù tí ó tẹ̀lé e lè ba fáàfù jẹ́.

Àwọn kan a máa fi ṣóòkì sílẹ̀ ní ìdajì kí iṣẹ́ lè máa lọ. N kò bá wọn gbà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fi gbogbo agbára rìn, ihò náà kò fi bẹ́ẹ̀ fa afẹ́fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ṣóòkì ṣì ń fi epo kún epo. Owó epo yìí sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn mìíràn a fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí i. Bẹntiróòlù yóò rọ̀ ọ́, yóò sì já bọ́ sínú ihò tóóró tí epo ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rọra ṣiṣẹ́, kí ẹ kán omi díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe kan pulọ́ọ̀gì. Ibi tí ohùn bá ti yí padà ni ihò wà. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù dán an wò láé, nítorí iná. Bí ohùn kò bá yí padà níbi kankan, ẹ fọ jẹ́ẹ̀tì, nítorí ìdọ̀tí inú rẹ̀ a máa fi irú àmì kan náà hàn.

Bí ẹ bá rí ihò náà, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ó tutù, kí ẹ sì ti epo. Ẹ ha gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò láìfi nǹkan ha irin. Ẹ fi rúlà tí ó gún wo ojú rẹ̀ bóyá ó tẹ́jú. Ẹ fi ojúlówó ìwé gáskẹ́ẹ̀tì gé titun, kì í ṣe páálí. Ẹ di nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ní ìpààrọ̀. Àgbáradì ni ó ń tẹ ojú kabúrétọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kì í sùn sí ilé ẹ̀rọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé gáskẹ́ẹ̀tì pamọ́, kí ó sì yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí. Gàrí Ìjẹ̀bú gba orúkọ nítorí pé a ní sùúrù títí yóò fi kan. Sùúrù kan náà ni kí a fi tọ́jú ẹ̀rọ tí ń rin ín.