Igi Kì Í Ṣe Èédú Nìkan

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ eléèédú, mọ igi orí òkè Glazoué jù mí lọ. Síbẹ̀ ó ní igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ní irọ́ ni. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ ni kábọ́ọ̀nù: bí a bá sun ún, ó bá èéfín lọ, bí a bá fi ṣe òpó ilé, inú òpó náà ni yóò wà. Àwọn onímọ̀ a máa fi okùn wọn àyíká igi, ní mítà 1.30 sókè ilẹ̀, kí wọ́n lè ṣírò rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ igbó ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu. Ní Kumasi, ètò WASCAL, tí Jámánì ń ràn lọ́wọ́, ní ẹ̀kọ́ dókítọ́rà nípa ojú ọjọ́ àti ìlò ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ibẹ̀; ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fojú di í bí èmi ti ṣe. Ọmọ náà ti wá yá okùn ìwọ̀n mi.